Ìdí Tí Owó Ẹyọ Kò Fi Bímọ Sétí Òkun Èkó

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà wa, pé etí òkun Èkó ni àwọn baba wa ti ń ṣa owó ẹyọ. Bí ẹ bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á dá yín lóhùn pé òkun kan náà ṣáà ni gbogbo òkun, ohun tó bá wà níhìn-ín á wà lọ́hùn-ún. Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ irọ́ ni. Ẹyọ tí a ná ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà kò fìgbà kan wà láàyè rí nínú òkun tiwa yìí. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀, nítorí ohun kan náà ló ń pinnu irú ìgbín òkun tó wà lára òkúta etí omi Èkó lónìí, àti ibi tí ìyá rẹ̀ wà.

Ẹ mú ẹyọ kan lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí ohun tí a fi epo pa. Ìgbín ni ó ni ín, ìgbín inú omi iyọ̀. Nígbà tó wà láàyè, awọ ara rẹ̀ máa ń jáde láti ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ tó léyín lọ́tùn-ún lósì yẹn, á bo ìkarahun mọ́lẹ̀ látẹ̀yìn, á sì máa fi kún un. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ kò fi rí págunpàgun bí ìkarahun ìgbín igbó. Ihò tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọwọ́ ènìyàn ló dá a kí okùn lè wọ̀ ọ́. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000.

Èyí tó kéré tó sì pọ́n díẹ̀ bí eyín àgbà, orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Monetaria moneta. Láti etí òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà títí dé àwọn erékùṣù àárín òkun Pàsífíìkì ló ń gbé, ṣùgbọ́n Maldives, nínú òkun Íńdíà, ni ilé rẹ̀ tó lókìkí jù. Àwọn alùfáà Ìlọrin tó ń ka ìtàn lédè Lárúbáwá mọ orúkọ Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Morocco, dáadáa. Ó ṣe alùkáálì ní Maldives ní ọdún 1343 sí 1344, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kó ẹyọ látinú omi, tí wọ́n ń dà á sínú kòtò títí ẹran inú rẹ̀ yóò fi jẹrà tán. Nígbà tó dé ilẹ̀ Mali ní ọdún 1352, ẹyọ yìí kan náà ló bá lọ́jà, 1,150 fún dínárì wúrà kan. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojú omi àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá sí etí òkun wa. Láti àárín ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣòwò Hamburg, nílẹ̀ Jámánì, tún lọ kó ẹ̀yà tó tóbi jù ú lọ, Monetaria annulus, tó ní òrùka pupa rúsúrúsú lẹ́yìn, láti Zanzibar. Ó pọ̀ dé bi pé iye rẹ̀ já wálẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó láti bi ìtàn etí òkun Èkó yẹn wó: ta ni yóò fẹ́ fi ẹṣin gba ohun tí ọmọdé lè lọ ṣà ní bèbè omi?

Ìbéèrè tó kù ni èyí tó le. Òkun Íńdíà àti òkun tiwa, Àtìláńtíkì, pàdé nísàlẹ̀ Áfíríkà, kò sí ilẹ̀ láàárín wọn. Kí ló dé tí ẹyọ kò fi ti ibẹ̀ wá fúnra rẹ̀?

Ìgbín tí a mọ̀ lọ́jà Ọ̀fà, inú ilẹ̀ ló ń yé sí. Ọmọ tó bá pa yóò máa fà kiri nítòsí ibẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ìgbín òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jáde látinú ẹyin wọn kò jọ ìyá rẹ̀ rárá. Kò ju hóró iyanrìn lọ, ìkarahun rẹ̀ mọ́ gaara bí gíláàsì, ó sì ní ohun méjì bí ìyẹ́ lórí, tí irun wínníwínní yí etí wọn ká. Irun yìí ló fi ń wẹ̀, òun náà ló fi ń gbá oúnjẹ sẹ́nu. Veliger ni wọ́n ń pè é; ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní ọmọ àléfòó. Ó lè gòkè, ó lè sọ̀kalẹ̀ nínú omi, ṣùgbọ́n kò lágbára láti wẹ̀ lòdì sí omi tó ń sàn. Bí òwú àràbà nígbà ọyẹ́ ló rí, ibi tí afẹ́fẹ́ bá kọrí sí ni òun náà ń lọ.

Iye ọjọ́ tó máa fi léfòó yàtọ̀ láti ìran dé ìran. Ìgbín ńlá Karibíà tí wọ́n ń pè ní queen conch, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ìgbín loco ti ilẹ̀ Chile, nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Àwọn mìíràn wà tí tiwọn ju ọdún kan lọ: onímọ̀ nípa òkun kan, Rudolf Scheltema, fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ sẹ́ omi láàárín gbùngbùn Àtìláńtíkì, ó sì bá ọmọ àléfòó àwọn ìgbín etí òkun nínú rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti jìnnà lọ́tùn-ún lósì. Ọdún 1971 ló tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá ni Stramonita haemastoma, ìgbín olóríkunkun tó máa ń dá ìkarahun ẹlòmíràn lu tó sì ń jẹ ẹran inú rẹ̀. Ó wà lórí àpáta Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìbátan rẹ̀ sì wà ní Brazil. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọ́ ọmọ àléfòó ìgbín kan tó ń jẹ́ Fusitriton oregonensis nínú omi láàbù, ó sì lo ju ọdún mẹ́rin lọ láìdi ìgbín.

Àwọn kan kò sì ní ọmọ àléfòó rárá. Cymbium, ìgbín ńlá tí àwọn ará Senegal ń pè ní yéét, tí wọ́n máa ń jẹ́ kó kan kí wọ́n tó fi sọbẹ̀ bí àwa ṣe ń fi irú sí i, inú ara ìyá ni ọmọ rẹ̀ ń wà títí yóò fi ní ìkarahun tirẹ̀. Bó bá jáde, ó di ìgbín kékeré tó ń fà lórí iyanrìn. Obì tó já sábẹ́ igi rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo ohun tí èyí ń dá sílẹ̀ ní àwọn erékùṣù Cape Verde: ẹ̀yà ìgbín Conus tó ju 40 lọ wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé, tí àwọn mìíràn kò sì kúrò ní erékùṣù kan, kódà ní ìyawọ́ omi kan ṣoṣo. Ọmọ wọn kì í pẹ́ lójú omi, torí náà gbogbo ìyawọ́ omi di ìlú olódi.

Inú òkun ní odò tirẹ̀. Odò wọ̀nyí kò ní bèbè, ẹni tó wà lójú omi kò sì lè fojú rí wọn, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà láti ọdún dé ọdún. Ìṣàn Agulhas ń gba etí ìlà-oòrùn Gúúsù Áfíríkà sọ̀kalẹ̀. Ó gbóná, ó sì yára, ó lè rin mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan níbi tó bá ti le jù. Òun ló yẹ kó gbé ọmọ ẹyọ wá bá wa. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ìsàlẹ̀ Áfíríkà, ńṣe ló ń ṣẹ́rí padà sínú òkun Íńdíà níbi tó ti wá. Díẹ̀ lára omi rẹ̀ nìkan ló ń já kúrò bí òrùka ràgàjì tó ń yí po, tí fífẹ̀ rẹ̀ máa ń tó 200 kìlómítà, tó sì ń fò sínú Àtìláńtíkì. Bó ti ń lọ ló ń tutù. Ọmọ ẹyọ tó bá bá òrùka náà wọlé yóò tún bá ìdènà kejì pàdé. Létí òkun Namibia, afẹ́fẹ́ ń ti omi ojú òkun sí agbami, omi tútù ìsàlẹ̀ á sì rú sókè dípò rẹ̀. Ìwọ̀n ooru omi etíkun ibẹ̀ sábà máa ń wà ní 12 sí 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti Èkó máa ń tó 27 tàbí 28. Ìgbín omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò lè rí ibùsọ̀ kankan níbẹ̀ tí ìran kan yóò ti dàgbà, tí yóò bímọ, tí ọmọ náà yóò sì bá ìrìn lọ sí Angola. Ògiri tó sé ẹyọ mọ́ òkun Íńdíà nìyẹn. Omi ni wọ́n fi mọ ọ́n.

(Àwa náà kúkú ní ẹyọ tiwa láti Senegal dé Angola, Trona stercoraria. Ó tóbi, ó sì ní àmì pupa dúdú lára. Kì í ṣe òun ni a ń ná.)

Òkun tiwa ńkọ́? Omi tó ń kọjá níwájú Èkó ni Ìṣàn Guinea. Láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń bọ̀, láti apá Liberia, ó gba Abidjan, Accra, Lomé, Cotonou, ó kọjá Èkó, ó forí lé ẹnu odò Ọya àti Cameroon. Ìwọ̀n eré rẹ̀ ń yí padà pẹ̀lú oṣù. Láti May sí July ni ó sábà máa ń le jù. Ká mú mítà 0.3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, eré ẹni tó ń rìn wúyẹ́wúyẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìlómítà 26 lójúmọ́, nǹkan bí 780 láàárín ọjọ́ 30. Ọmọ àléfòó tó bá kúrò ní Abidjan lè dé ìtòsí Èkó kí oṣù tó tán. Èyí tó bá kúrò ní Èkó kò lè gba ojú omi yẹn padà sí Accra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè fi rúlà wọn ọ̀nà méjèèjì kí iye wọn bára mu.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ìṣirò. Wọ́n á fi rúlà wọn máàpù, wọ́n á ní ìlú méjì tó súnmọ́ra ni ìgbín wọn á jọra. Fún ìgbín tó ní ọmọ àléfòó, rúlà kò mọ nǹkan kan. Ìlú méjì tí odò là láàárín láìsí afárá lè máa gbọ́ ìró gángan ara wọn, kí ẹni tó fẹ́ lọ kí àna rẹ̀ lódì kejì sì lo odidi ọjọ́ kan lójú ọ̀nà. Ní gúúsù California, Crow White àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò lára ìgbín kan tó ń jẹ́ Kelletia kelletii, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2010. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣírò iye ìgbà tí omi lè gbé ọmọ láti ibì kan dé ibòmíràn, wọ́n sì fi í wé ìyàtọ̀ àbùdá tí wọ́n rí nínú ẹran ìgbín fúnra rẹ̀. Jíjìnnà orí máàpù kò bá ìyàtọ̀ àbùdá náà mu rárá. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà omi dípò rúlà, ó ṣàlàyé nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ náà, láàárín àwọn ibi tí wọn kò jìnnà síra ju kìlómítà mẹ́wàá lọ́nà mélòó kan lọ. Nígbà tí wọ́n tún ka ọ̀pọ̀ ìran mọ́ ọn, tí ọmọ ń ti ibùsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, àlàyé náà tún dára sí i.

Ẹni tó bá ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ka ìyàtọ̀ yìí, ẹ rántí ilà ojú. Láyé àtijọ́, bí ẹ bá wọ ọjà méjì, tí ẹ ka pélé, gọ̀mbọ́ àti àbàjà tó wà ní ojú àwọn èrò, tí iye wọn sì bára dọ́gba ní ọjà méjèèjì, ẹ ó mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ ń fẹ́ra wọn, wọ́n sì ń bá ara wọn gbé. Bí pélé nìkan bá kún ọjà kan, tí àbàjà nìkan kún èkejì, ọ̀nà ti dí láàárín wọn láti ìgbà pípẹ́. Ilà tí àwọn onímọ̀ ń kà wà nínú DNA. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò, FST, bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó parí sí 1. Bí ó bá súnmọ́ 0, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Bó bá ti ń lọ sókè ni ọ̀nà ń há.

Ìṣàn omi lè pín ìgbín tí kò ní ọmọ àléfòó pàápàá. Ní Japan, ìgbín ẹrọ̀fọ̀ Batillaria attramentaria pín sí ìdílé àbùdá méjì: ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tí Ìṣàn Kuroshio ń gbà, èkejì ní ti Ìṣàn Tsushima. Ọmọ rẹ̀ ń fà láti inú ẹyin ni, síbẹ̀ ààlà omi ni ààlà ìdílé.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó ní ọmọ àléfòó ni yóò máa borí nígbà gbogbo. Àpáta kan wà tó ń jẹ́ Rockall, tó dá wà nínú Àtìláńtíkì, nǹkan bí 300 kìlómítà sí erékùṣù tó súnmọ́ ọn jù. Ìgbín Littorina littorea, tí ọmọ rẹ̀ ń léfòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ìbátan rẹ̀, Littorina saxatilis, tó ń bí ọmọ tó ti pé, ló wà lórí àpáta náà. Onímọ̀ kan, Kerstin Johannesson, kọ ọ́ ní 1988 pé kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Bí littorea bá tilẹ̀ débẹ̀, ọmọ tó bá bí, omi á kó wọn lọ pátá, kò ní sí ẹni tí yóò jogún àpáta. Abo saxatilis kan tó lóyún, tí igi tàbí ewéko òkun gbé débẹ̀, ti tó láti dá ìlú sílẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń bọ́ sí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Kwara tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní etí òkun wa, ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó náwó ọkọ̀. Láti Cotonou dé ẹnu odò Ọya, iyanrìn àti ẹrọ̀fọ̀ ló pọ̀. Òkúta tí ìgbín àpáta lè dì mọ́ jẹ́ èyí tí ènìyàn kó síbẹ̀, bí òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 àti ti èbúté Cotonou àti Lomé. Ibùsọ̀ ojú ọ̀nà ni wọ́n. Ẹ mú ìgbín 30 ó kéré tán ní ibùsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣa gbogbo wọn lórí òkúta kan ṣoṣo, kí ẹ má baà kó ìdílé kan. Ẹ gé ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀, tó hóró ìrẹsì kan, kì í ṣe ìfun, torí DNA ohun tó jẹ wà nínú ìfun. Ẹ dà á sínú ọtí ethanol tó lágbára tó 95 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ọtí náà tó ìlọ́po márùn-ún ẹran, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24, nítorí omi ara ìgbín máa ń là á.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n ju odidi ìgbín sínú ọtí. Ọ̀pọ̀ ìgbín òkun ní ọmọrí. Bí ọtí bá ti ta á lẹ́nu, á wọlé, á dé ìlẹ̀kùn pa, ọtí kò ní rí ọ̀nà wọ inú. Ẹ ó gbé e dé láàbù, òórùn ni yóò kí yín káàbọ̀. Ẹ fọ́ ìkarahun náà tàbí kí ẹ gé ẹran ọ̀hún níbẹ̀. Formalin kò dára rárá, ó ń ba DNA jẹ́. Ìṣòro kejì ni omi yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ ara ìgbín, tó ń bá DNA wọ inú ike, tí ẹ̀rọ PCR, èyí tó ń sọ DNA di púpọ̀, kò sì ní mú nǹkan kan jáde. Kẹ́míkà CTAB ni wọ́n fi ń yà á sọ́tọ̀, tàbí kí ẹ fi omi la DNA náà ní ìlọ́po mẹ́wàá kí ẹ tún un dán wò. Apá àbùdá tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ kà ni COI, lẹ́tà 658. Ó dára fún mímọ ẹ̀yà, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ohun tí a pè ní ìgbín kan jẹ́ méjì tó jọra lójú. Àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló ti ń wá, ó sì máa ń rántí ohun àtijọ́ ju tòní lọ. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, omi òkun fi nǹkan bí 120 mítà rẹlẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ. Ìyàtọ̀ tí ẹ rí lè jẹ́ ti ìgbà yẹn. Ẹ ka ọ̀pọ̀ ibi lórí DNA kí ẹ tó dá ìṣàn omi òní lẹ́bi.

Olùkọ́ tó wà ní Òmù-Àrán tàbí Ọ̀fà tí kò lè kó ọmọ lọ sí Èkó lè fi ọsàn 20 kọ́ wọn. Kí ó jẹ́ èyí tí a kò bó, torí èyí tí a bó máa ń rì. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́bàá odò Ọ̀ṣìn tàbí Ọ̀yún, ẹ fi okùn wọn 50 mítà létí odò, kí ẹnì kan dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n. Ẹ ju ọsàn 10 sí àárín omi, 10 sí ẹ̀gbẹ́ bèbè. Bí èyí tó wà láàárín bá fi ìṣẹ́jú àáyá 100 dé ìsàlẹ̀, mítà 0.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn há sẹ́yìn òkúta, wọ́n ń yí po, wọn kò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tó ń yí lẹ́yìn orí ilẹ̀ ṣe máa ń dá ọmọ àléfòó dúró sílé. Ẹ má lo ìgò ike òfìfo. Orí omi ló ń jókòó sí, atẹ́gùn ni yóò máa tì í, ẹ ó sì wọn atẹ́gùn dípò odò. Ọsàn rì sínú omi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọ odò, ẹ má sì ṣe é lásìkò òjò.

Odò yẹn gan-an kò sì jìnnà sọ́rọ̀ òkun tí à ń sọ. Omi Asà tó la Ìlọrin kọjá, inú Ọya ló ń já sí, ó gba Lọ́kọ́ja lọ sẹ́nu òkun. Omi tí kò níyọ̀ fúyẹ́ ju oníyọ̀ lọ, torí náà òkè ló ń dúró sí nígbà tó bá dé òkun, ó ń tẹ́ lọ bí ẹní. Ọmọ àléfòó ìgbín àpáta tó bá bá Ìṣàn Guinea débẹ̀ yóò bá omi tí iyọ̀ rẹ̀ ti dínkù lókè, ẹrọ̀fọ̀ nísàlẹ̀, láìsí òkúta fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ wá ibi tí ìdílé ìgbín àpáta ìwọ̀-oòrùn ti lè yapa sí ti Cameroon, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Fún ìṣáwùrú, ibi kan náà ni ààfin, nítorí ẹrọ̀fọ̀ ẹ̀bá òkun tó ní omi àdàlù ló fẹ́ràn.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àpò wa. Àwọn tó ń ṣètò ìpamọ́ ẹja àti ìgbín ní etí òkun máa ń fa ìlà yí ibì kan ká, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má pa nǹkan níbẹ̀, wọ́n á sì máa retí kí ó pọ̀ ní àyíká. Bí ìgbín náà bá jẹ́ èyí tó ní ọmọ àléfòó, èrè ìpamọ́ Èkó kò ní hàn ní Èkó, ìsàlẹ̀ odò ni yóò lọ, sí ìlà-oòrùn. Ìyá ìgbín Èkó lè wà ní Ghana tàbí Togo. Tí wọ́n bá pa á tán lọ́hùn-ún, òfin tiwa kò lè bímọ fún wa. Orílẹ̀-èdè 16 ló wà ní àgbègbè Ìṣàn Guinea, ó sì yẹ kí a máa bá àwọn tó wà ní òkè odò sọ̀rọ̀ kí a tó bá àwọn apẹja tiwa jà. Omi ìsàlẹ̀ tún wà, Ìṣàn Abẹ́ Guinea, tó ń padà sí ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ ti òkè. Ọmọ àléfòó tó bá mọ ìgbà tó yẹ kó rì lè gbà á padà sílé. Ìdí nìyẹn tí àwòrán ìṣàn ojú omi nìkan kò fi tó. Ó yẹ ká mọ bí ọmọ àléfòó ìgbín kọ̀ọ̀kan ṣe ń rì jìn tó.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ìtumọ̀ FST. Àwọn kan á rí i pé ó súnmọ́ 0, wọ́n á pariwo pé ìgbín ń wọlé yàà, kí gbogbo ènìyàn máa pa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àlejò mélòó kan péré nínú ìran kọ̀ọ̀kan ti tó láti mú ilà ojú ìlú méjì jọra. Àlejò mélòó kan kò lè kún agbọ̀n alájàpá kan. Nínú àwọn erékùṣù Bahamas, níbi tí queen conch bá ti dínkù kọjá nǹkan bí 50 àgbà lórí hẹ́kítà kan, ilẹ̀ tó fi díẹ̀ tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, wọn kò rí akọ àti abo tó ń gùn mọ́, torí pé ìgbín kì í sáré, wọn kì í pàdé. Ní Florida, òfin ti de pípa rẹ̀ láti inú àwọn ọdún 1980, síbẹ̀ kò tíì padà sí bó ṣe wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà mìíràn tí ẹ bá tẹ àwòrán etí òkun wa sínú ìwé ìròyìn, ẹ bá wa ya ọfà sí ojú omi náà, kó tọ́ka láti Accra sí Èkó, láti Èkó sí ẹnu Ọya. Kí ẹ sì ya èkejì tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kó kọjú síbi tí ti àkọ́kọ́ ti wá.

Emi ni tiyín,
Olùkọ́ báyọ́lọ́jì kan,
Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara.